Ṣé kí n jẹ́ kí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ náà sọ tẹnu ẹ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin akéwì àti olùkọ́ Yorùbá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mò ń kọ ewì ìtàn kan tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ké lọ́jọ́ ìparí táàmù: bí Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún (ọba) àkọ́kọ́ ìlú wa, ṣe ta Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń dààmú Ọ̀yọ́, lọ́fà, tó gé orí ẹ̀ lọ fún Aláàfin.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú ni pé akọni wa gan-an ní àbàwọ́n. Ìtàn sọ pé ẹlẹ́wọ̀n ló jẹ́ lọ́dọ̀ Aláàfin nígbà náà, torí ó pààyàn. Ta wá ni ẹni ire, ta ni ẹni ibi?

Homer, akéwì Gíríìkì, kò sọ Hector tó jẹ́ ọ̀tá wọn di ìkà lásán. Hector fẹ́ gbọ́mọ ẹ̀ mọ́ra, irun ẹṣin orí akoto ogun rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ, ọmọ figbe ta. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó bọ́ akoto sílẹ̀, ó wá gbé e. Tẹ́ ẹ bá ka ibẹ̀, ikú Hector á dùn yín wọra. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ fún Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́.

Bàbá kan tó ń sun rárà ládùúgbò wa ní kí n má dán an wò, pé a kì í ki ọ̀tá nílẹ̀ Ṣọ̀ún. (Bóyá torí mi ò tíì gbọ́tí wá ni.)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ọmọ kan ṣe Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, kó ké ìlà bíi mẹ́jọ? Ṣé kí n sì fo ti ìpànìyàn yẹn, nígbà táwọn òbí máa wà níjòókòó?