Kì í ṣe àárẹ̀ ló mú irin: “àlòsán” ni

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ ẹ̀rọ lánàá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká máa pe ohun tó ń mú irin kán láìjẹ́ pé ẹrù pọ̀ jù fún un ní “àárẹ̀ irin”, torí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é (metal fatigue) nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gbà. Ẹni tó rẹ̀ á sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á ti mókun. Irin kì í sùn. Ẹ mú wáyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọ̀la. Ibi tí ẹ bá a dé náà lẹ máa bá a. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó kán.

Ẹlòmíì ní “gbígbó irin”. Ìyẹn sún mọ́ ọn, àmọ́ ọjọ́ orí ló wà nínú gbó. Ẹ wo Comet, bàálù jẹ́ẹ̀tì àwọn ará Britain. Èyí tó kọ́kọ́ kó èrò nínú wọn, lóṣù karùn-ún 1952, ló fọ́ lójú ọ̀run nítòsí erékùṣù Elba ní Italy lóṣù kìíní 1954, tí gbogbo èèyàn 35 inú rẹ̀ ṣègbé. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́! Wọ́n wá gbé irú rẹ̀ kan sínú àgbá omi ńlá ní Farnborough ní England, wọ́n ń fi omi fẹ inú rẹ̀, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe é nígbàkigbà tó bá gòkè tó sì balẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀ 3,057, tí 1,221 nínú rẹ̀ jẹ́ ìrìn tó ti fò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ya. Ẹ̀bá ihò bọ́ọ̀tì kan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Lílò ló sán an. “Àlòsán”, bí a ṣe ń sọ àlòkù lọ́jà. Àrá náà ń sán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń lo àrá, àfi oníṢàngó?

Ti “àdàlù”, orúkọ tí mo fún ohun èlò tí a fi nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa pọ̀ ṣe (composite), tí ẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀wà àti àgbàdo ni, orí ẹ̀wà àti àgbàdo yẹn gan-an ni mo dúró lé. Nínú àwo, ẹ ṣì ń rí ẹ̀wà, ẹ ṣì ń rí àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán kábọ́ọ̀nù àti àtè tó mú un pọ̀ lára Boeing 787, tí irú àdàlù bẹ́ẹ̀ tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbà àti síńkì inú idẹ ti yọ́ wọnú ara wọn, kò sẹ́ni tó lè ṣà wọ́n. “Àyọ́pọ̀” (alloy) nìyẹn.

Inú ni àdàlù ti sábà máa ń bàjẹ́: ìpele kan á bó kúrò lára ìkejì, ojú ò ní rí nǹkan kan. Àwọn tó ń tún bàálù ṣe máa ń fi owó ẹyọ kàn án: ibi tó dára á dún kín-kín, ibi tó ti bó á dún bù. Ohun tí ìyá mi ń ṣe sí ìkòkò lọ́jà nìyẹn. Á fi ìka kàn án, á tẹ́tí, á rọra gbé e padà síwájú oníkòkò.

“Bíbó” ni mo fi sílẹ̀ fún tèyí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní delamination. “Ìyapa” tí a kà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká máa pè é, ti àwọn olóṣèlú ni.