Ọ̀rẹ́ mi já mi sílẹ̀ ní Ouidah, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ẹni tó béèrè (a fi orúkọ pamọ́), Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọdún Àjíǹde. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí ọ̀rẹ́ mi yìí ní èèyàn nínú ẹgbẹ́ yìí. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, ẹ má wo àṣìkọ mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a ti jọ wà láti ilé ìwé gírámà la pinnu pé Ouidah, nílẹ̀ Benin, la ó ti lo ìsinmi yìí. Èmi ni mo wá ọkọ̀, èmi ni mo san owó ọkọ̀ àwa méjèèjì, èmi náà ni mo bá àwọn ilé ìtura sọ̀rọ̀ tí mo sanwó títí di ọjọ́ Ajé. Òun kàn ní kí n san án ná, pé tí oṣù bá parí òun á dá ìdajì padà.

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ní ká wà ní Mile 2. Aago méje kọjá ló dé, ó sì gbé àpótí dání bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà. Dẹ́rẹ́bà ń ṣépè, èmi ni gbogbo èrò ń wò. Bó ṣe wọlé, ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lòun fẹ́. Mo dìde fún un. Ká tó dé Agbára ó ti sùn, ó ń hanrun, èjìká mi ló gbórí lé títí dé Àgbádárìgì. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn, èmi ni mò ń jí i.

A dé Kútọnu, ó ní ká yà sí ọjà Dantokpa. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ san! Ó ra bàtà, ó tún ra aṣọ. Mi ò sọ̀rọ̀.

Lónìí a lọ sí ilé òjòlá, ojúbọ tí wọ́n ti ń bọ òjòlá. Wọ́n fi òjòlá kọ́ mi lọ́rùn, mo ya fọ́tò. Òun dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò wọlé, òun ò sì fẹ́ kí fọ́tò òun wà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo bi í pé kí ló wá ṣe nígbà náà. Ọ̀rọ̀ di ìjà lójú títì. A padà sí yàrá, mo wọ balùwẹ̀, nígbà tí màá fi jáde, àtòun àti àpótí rẹ̀ ti lọ. Mo ń pè é, kò lọ.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé kí n lo ọjọ́ tó kù tí mo ti sanwó rẹ̀, àbí kí n máa bọ̀? Báwo sì ni màá ṣe gbowó mi lọ́wọ́ rẹ̀ láìpariwo?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èmi náà bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Àgbádárìgì nígbà kan, a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹrẹfu, a wá ń fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn lọ sétí òkun. Oòrùn yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti mu gbogbo omi tí mo gbé dání tán. Mo bá a yodì títí a fi délé. Òun náà ló sì dáná níbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Fi sùúrù sí i.

Ọmọ Àgbádárìgì
Ẹ ṣeun mà. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà ní Ouidah tí kò sí lọ́dọ̀ wa. Òkun kan náà ni. Ilé alájà tí wọ́n kọ́ parí ní 1845 ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ ò sì nílò pásípọ́ọ̀tù láti dé ibẹ̀.

Ìránṣẹ́bìnrin Olúwa
Ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ọmọ Kristẹni gbé òjòlá kọ́rùn! Ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Ààwẹ̀ ló kàn ọ́ báyìí, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn
Ẹ rọra, mà. Òjòlá kò lóró. Bàsílíkà àwọn Àgùdà àti ilé òjòlá yẹn kọjú síra wọn, títì ló wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó ń lé ẹnìkejì. Ká ní wọ́n lọ sí Ẹnubodè Àìpadàbọ̀, ìrántí àwọn ẹrú tó wà létí òkun, ni, kò ní sí ìjà. Ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà láti àárín ìlú dé etí omi, nǹkan bíi 4 kìlómítà ni, ó máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́.

Ìránṣẹ́bìnrin Olúwa
Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀.

Ará Kútọnu
Arábìnrin, Kútọnu ni mò ń gbé. Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn: aago mélòó ló kúrò? Ṣé síìmù Nàìjíríà nìkan ló wà lórí fóònù rẹ̀? Ṣé ó ní sefa, owó ilẹ̀ Benin, lọ́wọ́? Ìwé rẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó béèrè
Ìránṣẹ́bìnrin Olúwa, fọ́tò ni mo yà, mi ò bọ òrìṣà. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n tiyín dẹ̀, omi lásán ni. Lálẹ́ àná wọ́n gbé ìrẹsì wá fún wa, ọmọbìnrin yìí ní ata rẹ̀ kò tó, ó ní kí wọ́n gbé e padà. Nílẹ̀ onílẹ̀! Ojú tì mí.

Owó-ni-kókó
Kó fọ́tò rẹ̀ síta kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ní onígbèsè. Irú wọn ò ní padà san.

Ìyá Ìbejì
Ìwọ Owó-ni-kókó, gbogbo ìgbà lò ń da epo síná. Sùúrù ni kó ní.

Adákẹ́-má-fọhùn
Ó ní òun ò fẹ́ fọ́tò lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ṣé o ti gbé e síbẹ̀ ni?

Ará Kútọnu
Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò sílẹ̀. Mo béèrè ọ̀rọ̀ o.

Ẹni tó béèrè
Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ló lọ. Síìmù Nàìjíríà ló ní, Wi-Fi ilé ìtura la jọ ń lò. Ti sefa, mi ò mọ̀, ó ti ná tirẹ̀ ní Dantokpa. Ti ìwé, kò séwu, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ará Kútọnu
Gbogbo ìwé wo?

Ẹni tó béèrè
Pásípọ́ọ̀tù àwa méjèèjì àti yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi ni mò ń kó wọn sínú báàgì tí mo so mọ́dìí, torí ó máa ń sọ nǹkan nù.

Ìyá Ìbejì
Yéè! Mo gbé! Láti aago méjì lọmọ ọlọ́mọ ti wà níta láìníwèé, ìwọ ń sọ ìtàn ìrẹsì fún wa!

Adákẹ́-má-fọhùn
Ṣé ó béèrè fún un kó tó lọ?

Ẹni tó béèrè
Ó béèrè. Mo ní kó kọ́kọ́ fi owó mi ránṣẹ́. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ mi po o, mi ò sọ pé mi ò ní fún un. Ta ni nínú yín tí kò ní fẹ́ ohun tó máa fi ṣe ìdúró?

Owó-ni-kókó
Ó tọ̀nà. Ìdúró ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn
Kò tọ̀nà rárá. Ìjọba Nàìjíríà ló ni pásípọ́ọ̀tù, òun tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ gan-an kò lè fi í dúró, áńbọ̀sì ìwọ.

Ìyá Aláṣọ
Mo wà ní Kútọnu lọ́jà nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa lóṣù kẹjọ 2019. Ìwé mi pé, owó wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ará Kútọnu
Ẹ gbọ́ mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ọlọ́kadà kan sọ fún un ní Sẹ̀mẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Ilé aṣojú Nàìjíríà níbí kò ní ṣí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí ọdún. Arábìnrin, lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtura nísinsìnyí, kí wọ́n bá ọ bi àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró níbẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ. Tó bá jẹ́ títì ni, ọkọ̀ Kútọnu ló wọ̀. Má fi òru rìn. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ ọkọ̀ Kútọnu, kò ju nǹkan bíi 40 kìlómítà lọ, kí o wá wọ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ níbẹ̀. Kó ìwé méjèèjì dání.

Ẹni tó béèrè
Ṣé owó ara mi náà ni màá tún fi wá a? Mo ti sanwó yàrá títí di ọjọ́ Ajé, wọn ò sì ní dá a padà.

Ìyá Ìbejì
Ká ní ọmọ bíbí inú mi ni ẹ́, ọwọ́ mi ì bá ti bà ọ́ létí.

Ẹni tó béèrè, Sọ́ńdè, àárọ̀
Ó ti pè, pẹ̀lú nọ́ńbà Benin. Ó wà ní Sẹ̀mẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló sùn sí, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó gbọ́ Yorùbá. Kò kí mi, ó kàn ní kí n gbé ìwé òun wá ni. Mo ti wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè mi nínú gbogbo yín: owó mi ńkọ́?

Owó-ni-kókó
Kó sanwó kó tó gbàwé.

Ará Kútọnu
Má dá a lóhùn. Fún un ní ìwé rẹ̀ kí ẹ tó dé iwájú àwọn tó ń lu òǹtẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa wò mọ́ fọ́tò. Kí o sì sanwó ẹ̀kọ tó jẹ fún ìyá yẹn.