Ìkòròdú sí Maiduguri pẹ̀lú Màmá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

ỌmọÌgbógbó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ìyàwó àbúrò mi tó wà ní Maiduguri máa bímọ nínú oṣù Kejìlá, ìyá wa sì fẹ́ wà níbẹ̀ kó tó di ìkómọ. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì wọ bàálù rí. Báwo ló ṣe jìnnà tó láti Ìkẹjà, wákàtí mélòó ni lójú òfurufú? Ẹnìkan ní ká má gba Àbújá rárá, pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Ọ̀dọ́gúnyàn: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìkẹjà sí Maiduguri tó nǹkan bíi kìlómítà 1,220 lójú òfurufú. Bàálù ńlá ń sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan tó bá ti gòkè tán, àmọ́ gígòkè àti bíbalẹ̀ ń gba àkókò, torí náà ẹ ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí méjì. Ti Àbújá yẹn, kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ gbé máàpù, ẹ fi rúlà fa ìlà láti Èkó dé Maiduguri, ẹ ó rí i pé Àbújá fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ìlà náà. Nǹkan bíi 510 ni Èkó sí Àbújá, nǹkan bíi 710 ni Àbújá sí Maiduguri. Ẹ ro ó pọ̀ wò! Jíjókòó de bàálù kejì nìkan ló ń jẹ àkókò.

ÌyáÌbejì Agric: Bàbá ti sọ ọ́. Tí ẹ bá máa gba Àbújá, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ó lè jẹ́ pé tí àkọ́kọ́ bá pẹ́, àwọn ni wọ́n máa wá bí ẹ ṣe máa débẹ̀. Ẹ sì bèèrè àga oníkẹ̀kẹ́ fún Màmá lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ìpákodò: Ẹ̀gbọ́n, Mile 12 ló máa rẹ Màmá ju òfurufú lọ. Tí bàálù bá jẹ́ ti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́dọ̀ ẹbí ní Ìkẹjà tàbí Maryland mọ́jú. Ẹ má gba ọkọ̀ ojú omi, Erékùṣù ló ń já èèyàn sí. Tí ọ̀nà bá dí pa, ẹ gba Ògíjó sí Ṣágámù, kí ẹ wọlé láti Berger; ó jìnnà gan-an, àmọ́ ọkọ̀ á máa rìn. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, bóyá MM2 (ibùdó tuntun fún bàálù abẹ́lé ní Ìkẹjà) ni tàbí pápákọ̀ àtijọ́.

Àǹtí Ìjẹ̀dé: Mo gbé Maiduguri rí. Oṣù Kejìlá ni ẹ sọ yẹn, ọyẹ́ ti dé nìyẹn. Eruku láti aṣálẹ̀ lè bo ojú ọ̀run débi pé awakọ̀ òfurufú ò ní rí ibi tó máa balẹ̀ sí, wọ́n á sún un síwájú tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìrìn-àjò sí ìgbà tí ìkómọ bá ku ọ̀la. Ẹ di súwẹ́tà fún Màmá, òtútù alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

ỌmọÌgbógbó: Ọlọ́run á bù kún yín. A ó gba Àbújá, a ó sì tètè lọ. Àbúrò mi kejì ní ká kúkú fi mọ́tò lọ nítorí ẹrù: gaàrí àti epo pupa.

Bàbá Ọ̀dọ́gúnyàn: Ẹ má dán an wò. Ó ju kìlómítà 1,400 lọ lórí ilẹ̀, ààbò ọ̀nà ìhà ibẹ̀ ò dáa, orúnkún Màmá ò sì lè gbà á.

ÌyáÌbejì Agric: Gaàrí ò ní wàhálà, kìlò rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Epo pupa ni kí ẹ pè wọ́n bèèrè kí ẹ tó dì í.