Tírélà onítípà fún katakata: ibi tí iṣẹ́ náà parí sí

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ibi tí ó yẹ kí jáàkì háídírọ́líìkì (èyí tí ń fi agbára òróró gbé nǹkan sókè) wà lábẹ́ tírélà onítípà tí mo ń ṣe fúnra mi, èyí tí àpótí rẹ̀ ń gbéra sókè láti da ẹrù sílẹ̀. Mo gbé e sí ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìgbà tí àpótí ẹrù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílẹ̀ ni ó nílò agbára jù, jáàkì tí ó bá sì sùn gbalaja yóò máa tì í ju bí yóò ti máa gbé e sókè lọ. Ó ń gbé e dé nǹkan bíi dígírì 45, èyí tí ó tó fún iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ tútù ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ọ̀pá táyà sẹ́yìn àárín díẹ̀ kí ìwúwo lè máa tẹ ìkọ́ katakata, nítorí ẹrù a máa sún sẹ́yìn bí àpótí bá ti ń ga. Ní ti irin ìdádúró, èyí tí a fi ń ti àpótí lẹ́yìn kí ó má baà já wálẹ̀ nígbà tí ó bá wà lókè, tí ẹnìkan nínú yín ní kò pọn dandan, èrò mi kò yí padà: n kò ní wọ abẹ́ àpótí tí òróró inú páìpù nìkan gbé dúró. Ọ̀dà ni ó kù, mo sì pa ìbéèrè náà dé.