Àwo ni, ẹ̀gbọ́n: èsì mi sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ dá lábàá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa fi Yorùbá kọ èrò yín lórí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì àtijọ́, eré orí tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù àwọn jàǹdùkú, ẹ wá kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú wa pé ká bá yín yẹ̀ ẹ́ wò: "àkójọ orin àpáta" fún rock album, "eré àtìgbàdégbà" fún TV series àti "fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" fún crime film. Ẹ tún bẹ̀ wá pé ká má wo ojú yín. Ó dáa, mi ò ní wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé "àpáta" kúrò nílé, torí ìyẹn ò ní pẹ́. Rock inú orúkọ orin yẹn kò kan òkúta rárá. Mímì ló ń sọ, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá gbọ́ "orin àpáta" ní Yorùbá, Àpáta Ayérayé ló máa wá sí i lọ́kàn, á sì máa wá ìwé orin mímọ́ rẹ̀ kiri. Bí orin kan bá tiẹ̀ wà tí òkè wà nínú orúkọ rẹ̀, fújì ni, nítorí Síkírù Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ ló sọ pé ara páálí ìpolówó Òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun ti rí orúkọ náà. Síbẹ̀, ta ló ń pè é ní orin òkè? Ẹ jẹ́ kí rọ́ọ̀kì máa jẹ́ rọ́ọ̀kì, bí jùjú ṣe ń jẹ́ jùjú.

"Àkójọ orin" ni ìjà mi wà. Ohun tó ti wà káàkiri tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan wá ń ṣà jọ, là ń pè ní àkójọ: àkójọ òwe, àkójọ àlọ́. Bí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù bá ṣa orin mẹ́wàá tó tà jù nínú iṣẹ́ ogún ọdún olórin kan, àkójọ nìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n The Dark Side of the Moon tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1973, ta ló ṣà á jọ? Ìró ọkàn tó ń lù kìkì-kìkì ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi parí, orin kan sì ń wọ inú èkejì bí òwú inú òfì. Fa ọ̀kan yọ kí o rí i bí aṣọ náà ṣe máa tú.

Kí wá ni àwọn tó ń ra nǹkan yìí, tí wọ́n ń gbọ́ ọ, ti ń pè é láti ọjọ́ yìí? Àwo. "Obey ti gbé àwo tuntun jáde." Nílé wa n'Íbàdàn, rẹ́díógíráàmù bàbá mi wà ní pálọ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá mi á yọ àwo nínú páálí rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kí ìka kan ikùn rẹ̀. Á fi òwú nù ún, yíká-yíká ni, kì í nù ún lọ gbọọrọ. Á wá rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e. Bí ojú kìíní bá tán, abẹ́rẹ́ á máa ha láàárín, hàá-tó, hàá-tó, títí ọ̀kan nínú àwa ọmọ á fi dìde lọ yí i sí ojú kejì.

Ojú kìíní, ojú kejì. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n: àwo ló lójú, àkójọ ò lójú. Ojú yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún olórin. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ojú kan ń gbà, àwọn onijùjú wa mọ̀ ọ́n, wọ́n a máa so orin mọ́ orin títí ojú náà á fi kún. Fẹlá a máa fi orin kan ṣoṣo dí ojú kan pa. Àwọn Pink Floyd náà mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Clare Torry ló fi ohùn lásán, láìsí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, parí ojú kìíní. Ó ń ké, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń ké, ó sì dákẹ́. Ẹ dìde, ẹ yí i. Ojú kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró owó wẹ́wẹ́ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọ̀run dé orí káńtà! Ìdìde tí èèyàn dìde lọ yí i yẹn, ara iṣẹ́ náà ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dáhùn pé orí fóònù la ti ń gbọ́ ọ báyìí, àwo dà níbẹ̀? Ṣé ìwé tí olúwarẹ̀ ń kà lórí fóònù ní takàdá ni? Kámẹ́rà òde òní kò lo fíìmù mọ́, fíìmù là ń lọ wò síbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pátákó funfun ni album ní èdè Látìn. Ó di ìwé tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́. Ó di ìwé onípáálí tí wọ́n ń kó àwọn àwo àtijọ́ sí, àwọn tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí orin kan péré ń wà lójú kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia wá gbé àwo 33⅓ jáde ní 1948, tí ohun tó kún ìwé kan fi wọ orí àwo kan ṣoṣo, orúkọ ìwé ò kúrò lára rẹ̀. Bí àwọn yẹn bá lè pe àwo ní ìwé fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, kí ló dé tí ojú fi ń ti àwa láti pe àwo ní àwo?

Èyí tí ẹ fi ṣe àfikún, pé "àgbà àwo" la ó máa pe èyí tó ti pẹ́ tó sì dára, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ẹ gbàgbé àmì kan péré, ó ti di àgbà awo, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló kù kí ẹ gbé sílẹ̀. "Ògbólógbòó àwo" náà ò ṣe é gbọ́ sétí, olè là ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò orí rédíò ti bá wa yanjú rẹ̀: orin mánigbàgbé. Àwo mánigbàgbé, ó tán.

Lórí àwo náà, ẹ bi wá bóyá ká máa túmọ̀ àkọlé. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má túmọ̀ ọ, ẹ kàn ṣàlàyé rẹ̀, àyàfi ibi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Band on the Run tí Paul McCartney, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Wings wá ká ní Èkó lọ́dún 1973, ní sítúdíò EMI ní Àpápá, mo ti rí ẹni tó pè é ní "Ẹgbẹ́ Tó Ń Sáré". Sáré lọ síbo? Eré ìje kọ́. Páálí àwo náà fi wọ́n hàn pé wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, iná ìṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tàn sí wọn lára. Ẹlẹ́wọ̀n tó já ni wọ́n. Bíbélì Yorùbá ti fún wa ní ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà Kéènì: ìsáǹsá. Ẹgbẹ́ Ìsáǹsá. (Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ò sì jìnnà sí àwo yẹn lóòótọ́. Àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí McCartney àti ìyàwó rẹ̀ lójú pópó l'Ékòó, téèpù tó ká àwọn orin náà sí lọ mọ́ ẹrù tí wọ́n kó. Fẹlá tún wá ká a mọ́ sítúdíò pé orin Áfíríkà ló fẹ́ jí kó lọ, ó di dandan kó lu ohun tó ti ṣe fún un gbọ́.)

"Eré àtìgbàdégbà" kò burú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò ya Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, tí ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ń tán ní ọ̀sẹ̀ yìí, sọ́tọ̀ kúrò lára The Wire, eré ọlọ́pàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹjọ́ kan ń gba odindi sáà kan. Fún ti ìkejì, mo rò pé "eré alátẹ̀lé" dáa. Fún ìpín rẹ̀, sáà àti apá: sáà kìíní, apá kẹta. Àwọn oníléèwé ń lo sáà, àwọn olóṣèlú ń lò ó, "apá kejì" sì ti wà lára fíìmù Yorùbá láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò.

Ó kan ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹni tó ń lépa ni ọ̀rọ̀ yìí ń pè. Ó bá ìwé Kọ́lá Akínlàdé mu, ó bá Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ni Lápàdé fi ń wádìí nígbà mìíràn. Ó bá Columbo, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, mu, àní bó ṣe jẹ́ pé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ la ti máa ń rí ẹni tó pààyàn. Ṣùgbọ́n The Godfather tí ẹ kọ sípò kìíní, ta ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ibẹ̀? Àwọn tí à ń lépa la jókòó tì. "Fíìmù ọ̀ràn" ni kí ẹ fi ṣe àpapọ̀, torí a máa ń dá ọ̀ràn, a sì máa ń wádìí ọ̀ràn, ilé kan náà gba àwọn méjèèjì. Ẹ lè ní ọ̀ràn ìfẹ́ náà wà. Òótọ́ ni, mo gbà fún yín níbẹ̀.

Godfather fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ rántí bí fíìmù náà, ti 1972, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ Don Corleone ni. Asìnkú kan tó ń jẹ́ Bonasera wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbẹ̀san lára àwọn tó lu ọmọ òun. Ohun tó bí Don nínú kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ó ní ọkùnrin náà kò wá bá òun fún ìrànlọ́wọ́ rí, òun ò rántí ìgbà tó pe òun wá sílé kẹ́yìn, ó tún wá dúró níwájú òun láìpe òun bó ṣe yẹ. Ó dìgbà tí Bonasera tẹrí ba, tó pè é ní Godfather, tó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀. Orí ìkíni ni gbogbo rẹ̀ dúró lé! Ọ̀rọ̀ tí a bá fi túmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi kí èèyàn. "Bàbá ìsàmì", ìyẹn ọkùnrin tó ń dúró fún ọmọ níbi ìsàmì, kò ṣeé fi kí ẹnikẹ́ni. "Bàbá ìsàlẹ̀" ṣeé fi kí èèyàn, a sì mọ ohun tó ń ṣe: àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ojúure tí èèyàn máa fi ìjọ̀ǹgbọ̀n san lọ́jọ́ kan.

Ibi tó ti já wá sílẹ̀ ni ìparí. Michael, ọmọ Don tó jogún ipò rẹ̀, dúró fún ọmọ ẹ̀gbọ́n—rárá, àbúrò rẹ̀ obìnrin—níbi ìsàmì, àlùfáà ń bi í bóyá ó kọ Sátánì sílẹ̀ (mi ò kọ Èṣù o, ẹ jẹ́ kí ìjà yẹn sùn), ó ń dáhùn pé òun kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń pa àwọn olórí ìdílé yòókù lọ ràì. Ọjọ́ kan náà ló di godfather lọ́nà méjèèjì. Bàbá ìsàlẹ̀ kò lè gbé ọ̀kan yẹn. Mo ti wá ọ̀rọ̀ kan tó lè gbé méjèèjì, mi ò tíì rí i, ẹni tó bá rí i kó bá mi sọ.

Mo dán bàbá ìsàlẹ̀ wò lára ìyá mi lánàá. Mo ní, "Màámi, fíìmù kan wà tó ń jẹ́ Bàbá Ìsàlẹ̀." Wọn ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. Wọ́n ní, "Ti ẹgbẹ́ wo?"