Ìyá mi kò lè jáde nílé mọ́: báwo ni ìwé yóò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ọmọ Tíṣà, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi, ọmọ Ìgbómìnà sì ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ní Tánkẹ̀ ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá báyìí tí ẹsẹ̀ wọn kò ti kan títì. Nígbà tí ara ṣì le, ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń lọ yá ìwé méjì ní ilé ìkàwé. Nígbà tí mo lọ sí ilé ìkàwé kan láti bá wọn yá ìwé, ẹni tó wà lórí káńtà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kàwé ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé n kò lè sọ ọ́ fún wọn nígbà tí mo délé.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ló ń mú ìwé àdúrà tàbí ìwé ìlera lọ́wọ́. Wọn a dúpẹ́, wọn a tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, wọn kì í sì í ṣí i. Ìtàn ìlú àti ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọwọ́ wọn tún ń gbọ̀n, lẹ́tà wẹ́wẹ́ sì ti ń ni ojú wọn lára. Kí ni mo lè ṣe?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé Tẹ́lẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò fún màmá ní àlàáfíà. Ẹni tó wà lórí káńtà kọ́ ló yẹ kó pinnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìkàwé náà, kí màmá fúnra wọn fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì dárúkọ yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa bá wọn gba ìwé. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ fi orúkọ ara yín gba káàdì.

Ohun tí ẹ ń béèrè kì í ṣe ojú rere lásán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbé ìwé lọ bá ẹni tí kò lè jáde. Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1931 láti máa pèsè ìwé fún àwọn afọ́jú, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ ní 1966 kí ó lè kan àwọn tí àìlera ara kò jẹ́ kí wọ́n lè di ìwé mú. Nàìjíríà pẹ̀lú ti tẹ́wọ́ gba Àdéhùn Marrakesh ti 2013, èyí tó fàyè gba àwọn àjọ tó ní àṣẹ láti ṣe ẹ̀dà ìwé tí irú àwọn wọ̀nyí lè kà, láìdúró de ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ìwé. Ẹsẹ̀ tí kò lè rìn nìkan kò mú ènìyàn wọ inú àdéhùn náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò lè ṣí ìwé tàbí ojú tí kò ríran dáadáa lè mú un wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ má ṣe bá wọn yan ìwé. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n gbádùn kẹ́yìn, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ti kà sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ má baà yá ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ajàṣẹ́

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu bàbá tèmi. LibriVox ni mo fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ka ìwé àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2005, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo tún ní kí fóònù máa ka Yorùbá sókè fún wọn, ó sì pa gbogbo àmì ohùn rẹ́ débi pé bàbá ní kí n pa á. Àwa ọmọ ló wá ń ka ìwé náà ní orí kọ̀ọ̀kan báyìí, títí kan ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní òkè òkun. A ń fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì ń dà á sórí káàdì rédíò kékeré tí wọ́n ń gbé sáyà. Àtàǹpàkò òsì wọn, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá ka ọ̀rọ̀ kan ṣì, wọn a pa rédíò, wọn a sì pè mí.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà

Ó dára, àmọ́ ẹ má tíì gba ìwé lọ́wọ́ màmá. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú wọn wò, nítorí ó lè jẹ́ pé awò ojú wọn ni kò bá wọn mu mọ́. Àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì lè sọ ojú ewé A4 di A3, ìyẹn 141 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́tà á sì tóbi dáadáa. Ní ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ ra pátákó tí àwọn ọmọ kéwú ń gbé Kùránì lé ní Ọjà Ọba. Òun ni ìyá ọkọ mi ń lò, Krìsẹ́tẹ́nì sì ni wọ́n.

Ọmọ Tíṣà, Ìlọrin

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí ní alẹ́ àná. Àwọn fúnra wọn ló pe lẹ́tà náà fún mi kọ, wọ́n fi bírò pupa tún àmì ohùn mi ṣe níbi mẹ́rin, wọ́n sì ní kí n tún un kọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àárọ̀ ọ̀la ni mo ń gbé e lọ.