Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe kíláàsì iṣẹ́ ọnà ní lísè ìjọba, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Àkàbà, Kétu: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ wọ kíláàsì iṣẹ́ ọnà ní lísè ìjọba, ilé ìwé girama, tó wà lọ́dọ̀ wa: àwòrán, igi gbígbẹ́, ìlù, ijó, eré orí ìtàgé. Bàbá rẹ̀ ní BAC, ìdánwò àṣejáde lísè, nìkan lòun mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí lẹ rí?

Àjàṣẹ́ Lọ́mọ́: Kẹ́ẹ̀gì la fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ní ká mú kẹ́ẹ̀gì epo kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, wá, ká wá ojú àti ẹnu nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ tèmi, òórùn epo ò kúrò, orí ń fọ́ gbogbo wa. Ibẹ̀ la ti gbọ́ nípa oníṣẹ́ ọnà Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, tí wọ́n bí ní 1962. Irú kẹ́ẹ̀gì yẹn ló ń sọ di ojú èèyàn. Ní 2007 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà Arnold Bode ní Jámánì. Ìyá mi tó ń ta epo rí tèmi, ó pariwo, "Ojú ìyálé mi rèé!" Ó gbé e kọ́ sẹ́nu ìsọ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ìyá Ìbejì, Ṣàbẹ́: Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ọmọ Agbẹ́gilére: Obìnrin ni mí, mo sì ń gbẹ́gi. Nílé wa, bàbá àgbà ló ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan àáké rẹ̀. Ilé ìwé ni mo ti kọ́kọ́ dì í mú. Mo gbẹ́ ìyá kan tó ru iṣu. Àfihàn ku ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé e sóòrùn kó tètè gbẹ. Nígbà tí mo máa fi dé lọ́jọ́ kejì, ó ti là láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo sunkún, àyà ò gbà á. Olùkọ́ wa kò mọ ohun tó fà á. Mo gbé e lọ bá bàbá àgbà tẹ̀rùtẹ̀rù. Wọn ò bínú. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Igi tútù lo gbé sóòrùn. Abẹ́ òrùlé ló ń gbẹ, díẹ̀díẹ̀. O ò sì gbẹ́ inú rẹ̀ tó, ó nípọn jù." Wọ́n na ọ̀bẹ sí mi. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń gbà tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá kọ́ wa ní kíláàsì, kí wọ́n sì sanwó fún wọn.

Ọmọ Onílù: Àgbà tó ní kí obìnrin má fọwọ́ kàn án ní ìdí. Tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wọ ilé ìwé, wọ́n á bọ́ ọ láṣọ.

Ọmọ Agbẹ́gilére: Ẹ̀gbọ́n, ta la ń jó o fún? Àwọn ìyá wa. Ọkùnrin ló ń wé gèlè, tó ń de ọmú máyà nítorí tiwa. Èmi ò gbé e rù rí, mo gbẹ́ ẹ ni.

Ọmọ Onílù: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀, orin òru tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò gbọdọ̀ wọ ilé ìwé láé.

Ìlóbì Ni Wá: Ọ̀dọ̀ wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ ná.

Ọmọ Àkàbà, Kétu: Kétu ni!

Ìyá Ìbejì, Ṣàbẹ́: Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àṣà ayé ní 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló kọ sí i. Ẹ fi ọmọ olọ́mọ sílẹ̀ kó lọ kọ̀wé.

Akólòlò Àná: Bàbá mi tó jẹ́ ààfáà ní ère ò gbọdọ̀ wọ ilé òun, ni mo bá bọ́ sí eré orí ìtàgé. Faransé tí kò jáde lẹ́nu mi ní kíláàsì, ó ń jáde tí mo bá ti di ọba lórí ìtàgé. Mo gba BAC. Ẹ sọ fún bàbá ọmọ.

Àjàṣẹ́ Lọ́mọ́: Ẹ fi kún un pé nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní ààyè tirẹ̀ ní àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice, ní Ítálì, ní 2024, obìnrin wà nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà mẹ́rin tí wọ́n rán lọ.

Ọmọ Àkàbà, Kétu: Mo ti kà á fún bàbá rẹ̀. Ti kẹ́ẹ̀gì ló mú un lára, ó fẹ́ rí i.

Àjàṣẹ́ Lọ́mọ́: Màá ya fọ́tò rẹ̀ tí mo bá dé ìsọ̀ lọ́la.